Ẹjọ́ Ìkòkò Ọbẹ̀ Níwájú Ọlọ́run

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé mo dé ìkòkò ọbẹ̀ náà. Mo dé e. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ọmọrí lé e, mo fi àkísà nu etí rẹ̀, mo pa iná kíṣíìnì, mo lọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ó sì yẹ kí inú mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó jí nílé ọkọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbàgbé.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, inú ilé Áńgílíkà. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi. Nílé wa, inú ìwé ni àdúrà wà. A ó kúnlẹ̀, bàbá mi á ṣí ìwé, wọ́n á ka tiwọn, a ó ka tiwa, a ó sì ṣe Àmín níbi tí wọ́n tẹ Àmín sí. Kò sẹ́ni tó ń pariwo, kò sẹ́ni tó ń làágùn. Kí omi ògì tó hó, a ti gbàdúrà fún ìjọba, a ti gbà á fún àwọn aláìsàn, a ti gbà á fún àwọn tó wà lójú òkun, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Àdúrà yẹn mọ́ tónítóní, ó sì wà létòlétò. Òun ni mo gbé lọ sí yunifásítì, òun ni mo gbé jáde, mo sì rò pé ó tó mi lò títí ayé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ṣe ìyàwó lọ. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n nílé ọkọ mi láti ìgbà baba ńlá wọn, wọn kì í sì í wo ìwé kí wọ́n tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Bàbá ọkọ mi ti kú. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ló ni ilé, wọ́n sì fún èmi àti ọkọ mi ní yàrá méjì níbẹ̀ kí a fi máa gbé títí a ó fi kọ́ tiwa. Mọ́mì ti ta aṣọ lọ́jà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá. Ẹ wo ohùn ẹni tó ta aṣọ, ẹ wo ohùn ẹni tó ń kọrin. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá gbé e sí pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà aládùúgbò.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, Mọ́mì lu agogo kékeré kan, a péjọ sí pálọ̀, àwa mẹ́ta. Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n ka Sáàmù kan láìkọsẹ̀. Wọ́n ní kí a di ojú wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀:

"Olúwa, a dúpẹ́ fún oorun, a dúpẹ́ fún jíjí. A dúpẹ́ fún ìyàwó tuntun tí O fún wa, arẹwà, ọ̀mọ̀wé. Olúwa tó ń rí ohun gbogbo, Ìwọ lo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé yìí fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ gbayawu mọ́jú. Aáyán ò sùn, Olúwa. Ọmọńlé ò sùn. Fún ẹni náà ní ọkàn ìmọ́tótó, lórúkọ Jésù."

"Àmín!" Ọkọ mi ló ṣe é, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Mo la ojú. Mọ́mì kò lè fẹjọ́ ara wọn sùn. Ọkọ mi kò mọ ọ̀nà kíṣíìnì. Ta ló kù?

Nígbà tí a parí, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo dé ìkòkò yẹn."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣìnà. "Ìkòkò wo, aya mi? Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ìkòkò?"

"Nínú àdúrà yín, mà."

"Háà! Ọlọ́run ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o." Wọ́n dìde, wọ́n ń kọrin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó burú nínú èyí dáadáa, nítorí mo ti rò ó délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá bú ọ lójú, o lè fèsì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn, o lè bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ojú, tó dojú kọ Ẹlẹ́dàá, tó wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò ṣẹ̀ sí etí rẹ, báwo lo ṣe máa fèsì? Wọ́n pè ọ́ lẹ́jọ́, wọ́n dá ọ lẹ́bi, wọ́n tún ní kí o ṣe Àmín sí i.

Mo jáde lọ da omi nù. Alhaja tó ń ta abọ́ ike, tí ọgbà rẹ̀ bá tiwa pààlà, ń sá aṣọ. Ó ti kírun, ó ti gbálẹ̀, ó sì ti gbọ́.

"Ìyàwó, ṣé dáadáa lo jí? Mo gbọ́ tìkòkò."

"Alhaja, mo dé e, mà!"

"Kí lo wá ń sọ fún mi sí? Ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ sùn ni kó o lọ bá."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ìwà mi tí Ọlọ́run ò gbọ́. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ń wẹ̀ bí ẹni pé odò Ọbà ló ń ṣàn nínú ilé. Ó gbọ́ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ẹnì kan lè tọ́jú ẹran fún ọdún kan. Ó gbọ́ pé fóònù ẹnì kan kì í sinmi. N kò ní purọ́: ti omi jẹ́ òótọ́. Ti iyọ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti fóònù náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ló ń pè mí. Èyí tí kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀ ni ti ìkòkò, òun gan-an ni wọ́n sì ń padà sí lóòrèkóòrè.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Ó ní, "Wọn ò kúkú dárúkọ rẹ."

"Ta ni wọ́n ń bá wí nígbà náà? Ìwọ?"

"Ó lè jẹ́ èmi."

"Ṣé ìwọ lo ń se ọbẹ̀ ni?"

Ó wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní kí n má tiẹ̀ ráhùn, pé ẹrù Àmín wúwo ju ẹrù ẹ̀sùn lọ nílé wọn. Òfin Mọ́mì ni pé ẹni tó bá ti ṣe Àmín sí nǹkan ti fọwọ́ sí i. Ìgbà kan wà tí oorun ń kun ọkọ mi níbi àdúrà, tí Mọ́mì ní, "Olúwa, fún ẹni tó máa ro ẹ̀yìnkùlé lónìí lágbára," tí òun náà sì ké "Àmín!" láti inú oorun. Ìgbà tó lajú, ọkọ́ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní òun ṣe àwáwí títí. Mọ́mì ní, "Àmín kì í padà sẹ́yìn." Ó ro ilẹ̀ náà tán kó tó jẹun.

Gbogbo èyí ì bá ṣeé fara dà bí wọn ò bá ní kí èmi náà máa gbàdúrà. Àlejò dé, "Ìyàwó wa máa gbàdúrà fún wa." A fẹ́ jẹun, "Ìyàwó." Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo kíláàsì láìwo ìwé, tí mo bá ti di ojú báyìí, ọ̀rọ̀ á sá. Mo gba àdúrà oúnjẹ tí a máa ń gbà nílé wa, tí kò gùn ju èémí kan lọ. Mọ́mì la ojú kan.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà."

"Oúnjẹ yìí á rò pé inú ń bí wa sí òun."

Èyí tó dójú tì mí jù ni ti bọ́ọ̀sì. À ń lọ kí ẹbí ọkọ mi kan ní Ìresà, ọkọ̀ ti kún, dẹ́rẹ́bà fẹ́ ṣíná, Mọ́mì ní kí gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, ìyàwó òun fẹ́ fi ìrìn àjò náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Gbogbo èrò di ojú. Ibo ni kí n ti rí i mú? Àdúrà ìrìn àjò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni mo fà yọ, mo bẹ Ọlọ́run kó dáàbò bo àwọn tó ń rìn lójú òkun, kó mú ìgbì dákẹ́, kó mú ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ ní èbúté.

"Àmín," ni bàbá kan tó gbé àpò ẹ̀lùbọ́ lé ẹsẹ̀ wí. Ó wá rò ó díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, odò wo ni a fẹ́ gbà?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dé Ìresà. Nígbà tí a ń bọ̀, kọndọ́kítọ̀ ń kígbe pé, "Ẹ wọlé, ọkọ̀ ojú omi ń lọ!"

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, mo lọ fẹjọ́ sun bàbá mi. Wọ́n jókòó sórí àga wọn níwájú ilé, wọ́n ń bó ọsàn. Mo rò ó láti orí ìkòkò dé orí bọ́ọ̀sì, n kò fo nǹkan kan. Ọsàn ń dínkù, ẹjọ́ mi ń gùn.

Nígbà tí mo ṣe tán, bàbá mi nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Ìdí tí àwa fi tẹ tiwa sínú ìwé nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi bú aládùúgbò rẹ̀."

"Ẹ ti rí i!"

"Ṣùgbọ́n ìwọ," wọ́n nawọ́ ọbẹ sí mi, "láti àárọ̀ lo ti ń rojọ́ fún mi láìsinmi. O ò wo ìwé. O ò kọsẹ̀. Kí ló wá ń dí ọ lẹ́nu níbẹ̀ yẹn?"

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń rò ó nígbà tí mo ń padà bọ̀. Òótọ́ ni. Ta ló sọ pé olùpẹ̀jọ́ nìkan ló lè di ojú?

Nígbà tí Mọ́mì tún pè mí láti gbàdúrà ní òwúrọ̀, mo tún gèlè mi wé. Mo ní, "Olúwa, a dúpẹ́ fún Mọ́mì wa. A dúpẹ́ fún ohùn tí O fún wọn. Olúwa, Ìwọ lo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ní ohun tó ń dùn ún lọ́kàn nípa ọmọ rẹ̀, ó lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí gbogbo àdúgbò má baà gbọ́."

Láti òdìkejì ọgbà, ohùn Alhaja wọlé: "Àmín o!"

Mọ́mì ń wò mí. Mo ń retí ìjì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́nu wọn, bí n kò bá tàn yín, ẹ̀rín ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ́n. Ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Ìbínú ló kọ́ mi, n kò sì lè fi pa mọ́. Mọ́mì á fẹ̀sùn kàn mí lórí gáàsì tí mo lò jù, èmi náà á bi Ọlọ́run bóyá Ó rí ẹni tó gbé rédíò sókè láti ìdájí. Wọ́n á bẹ̀ Ẹ́ kó fún ẹnì kan ní ọkàn títẹ́ ibùsùn, èmi á bẹ̀ Ẹ́ kó fún ẹnì kan ní ẹ̀mí kíkan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọkọ mi jókòó láàárín wa, ó ń ṣe Àmín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má baà fọwọ́ sí nǹkan tí yóò kàn án lẹ́yìn. Kí n tó mọ̀, mo ti ń jí kí agogo tó dún. Mo tún ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí a bá ti tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ báyìí, èmi àti Mọ́mì máa ń jọ jẹun dáadáa.

Ẹ̀sùn kan wá kù tí mo ti ń gbé kiri lọ́kàn. Mọ́mì ló máa ń ka Bíbélì, àwọn Sáàmù kan náà ni wọ́n sì ń kà ní àkàtúnkà. Olùṣọ́-àgùntàn lónìí, òkè lọ́la, ibi ìkọ̀kọ̀ lọ́tùúnla, a tún padà sọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn. Bíbélì tó nípọn tó bẹ́ẹ̀! Mo jẹ́ tíṣà. Mo mọ ọmọ ilé ìwé tó ń ka ojú ìwé kan náà nígbà gbogbo. Nítorí náà ni mo ṣe gbé e lọ síwájú adájọ́.

Mo ní, "Olúwa, ìwé Rẹ tóbi. Ràn wá lọ́wọ́ kí a ṣí ibòmíràn níbẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé ojú ibì kan ṣoṣo ni a lè kà."

Mo dúró de Àmín. Àmín kò wá. Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Bíbélì lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ tó fẹ́ ibi tuntun, máa kà á."

Mo rò pé mo ti jàre. Mo ń ka ibi tuntun lójoojúmọ́, ohùn mi ń dún. Ṣùgbọ́n àdúrà Mọ́mì kúrú. Wọ́n á dúpẹ́ fún oorun, wọ́n á dúpẹ́ fún jíjí, ó parí. Wọn kò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn mọ́. Mo se ọbẹ̀ oníyọ̀ lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, mo ń retí kí Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ọlọ́run kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ò mọ bí ilé ṣe máa ń ṣófo tó nígbà tí ẹni tó ń bá ọ jà bá dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Mọ́mì jáde, wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Jalàbíà funfun ọkọ Alhaja wà lórí okùn, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Mọ́mì tẹrí díẹ̀.

"Alhaja, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ti jí?"

Jalàbíà náà gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbí ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

Mo ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mo wá rí Alhaja fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì rẹ̀, ó gbé ìka lé ètè sí mi. Ó yára wá sẹ́yìn aṣọ náà, ó ní, "Mo ti ń dáhùn o, Mọ́mì! Jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo." Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Mọ́mì wọlé, Alhaja sún mọ́ ọgbà. "Ìyàwó, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ sí, garawa ni wọ́n kí. Mo rò pé ẹ mọ̀ nílé."

A kò mọ̀. Mo wọ kíṣíìnì lọ, ojú mi sì bọ́ sórí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀kan lára ẹ̀bùn ìgbéyàwó wa ni, ìkòkò tuntun, dúdú. Ọmọrí rẹ̀, gíláàsì ni. Èèyàn ń wo ọbẹ̀ láti òkè rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú omi. Bí ojú rẹ kò bá mú, tí o sì yọjú sí i láti ẹnu ọ̀nà, ọbẹ̀ nìkan lo máa rí.

Mo jàre! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, n kò sì tọrọ àforíjì fún un. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀. Mo fẹ́ sáré lọ sí pálọ̀, kí n gbé ọmọrí náà dání bí ẹ̀rí. Mo wá jókòó sórí àpótí. Àwọn Sáàmù wọ̀nyẹn, wọn ò kà wọ́n. Orí ni wọ́n ti ń kà wọ́n jáde.

Mo sọ fún ọkọ mi, a jọ lọ bá Mọ́mì.

"Ta ló ní ojú ń dùn mí?" ni wọ́n wí.

"Ojú ò dùn yín, mà. Ẹ ò ríran dáadáa ni."

"Àgbà ló dé. Mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Ọkọ mi ní awọ funfun ló ń bo ẹyinjú wọn, pé òun rí i báyìí tí òun wò ó, pé wọ́n ń ṣí irú rẹ̀ nílé ìwòsàn tí kẹ̀kẹ́ máa gbé wa dé kí orin kan tó tán nínú rédíò. Mọ́mì mi orí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ ṣe ojú ní ìlú òkèèrè kan láyé àtijọ́. "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé síbẹ̀. Wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde." Wọ́n ní bó ṣe wà yìí, àwọn ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, àwọn ṣì ń rí ẹni tó ń bọ̀ bí òjìji. Àwọn kò fi èyí ta tẹ́tẹ́.

Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi. Ẹjọ́ ìkòkò, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹjọ́ iyọ̀, Alhaja mọ̀ ọ́n sórí. Ẹjọ́ ojú, èyí tó yẹ kí wọ́n fi kígbe kí odi ilé ya, òun ni wọ́n lọ rò sínú, kò jáde sí etí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti fẹ̀sùn ojú yẹn sùn ní òwúrọ̀ kan péré, ṣé a ò bá ti gbé wọn lọ?

Ọkọ mi lọ bá àwọn dókítà, wọ́n ní kí a mú wọn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí àwọn wò ó. Mọ́mì ní àwọn kò lọ. A bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Wọn kò lọ.

Ìyẹn ló fà á tí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbàdúrà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń múra ìdánwò. Mo di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bí wọ́n ṣe máa ń gbà á nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kúkúrú, kíákíá.

"Olúwa, a ò ní ṣàìsàn."

"Àmín!"

"A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

"Àmín!"

"Ọmọ tí a bí, á tọ́jú wa."

"Àmín!" Mọ́mì ti ń pàtẹ́wọ́.

"Mọ́mì ò ní fi ọwọ́ wá ògiri nínú ilé ara wọn."

"Àmín!"

"Ojú wọn á rí ọmọ ọmọ."

"Àmín! Àmín!"

"Wọ́n á sì bá wa wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́la."

"Àmín!"

Àtẹ́wọ́ dúró ní agbedeméjì. Mọ́mì la ojú wọn tí kò ríran dáadáa yẹn. "Kí ni mo ṣe Àmín sí?"

Ọkọ mi ti bo ẹnu. "Mọ́mì, ẹ ti ṣe é."

"Ẹ̀tàn ni! Ìyàwó, o dẹ pàkúté fún mi!"

Mo ní, "Mọ́mì, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ pàkúté? Ọlọ́run ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ ọ o!" Alhaja ló ń ké láti òdìkejì ọgbà. "Mo jẹ́ ẹlẹ́rìí! Àmín kì í padà sẹ́yìn!"

A lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà wò ó, ó ní ó ṣeé ṣe, ó mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ náà pé, a padà lọ. Mọ́mì wọ aṣọ tí wọ́n fún wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ wọn tutù bí ẹja inú yìnyín. Ọkọ mi lọ mú ìwé kan wá lókè. Nọ́ọ̀sì máa tó pè wọ́n.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, wọn ò pariwo. "Gbàdúrà fún mi."

Mo di ojú. Ọ̀rọ̀ tún sá. Àwọn tó wà lójú òkun yọjú, mo lé wọn. Kò sí Alhaja lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ kó fetí kọ́ nǹkan kan. Gbogbo àdúrà tí mo ti mọ̀ọ́n gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ́mì ni mo ń gbà á sí létí. Báyìí, ó ku èmi àti Ẹni tí mo ti ń dárúkọ Rẹ̀.

Mo ní, "Olúwa, inú ń bí mi. Láti kékeré ni obìnrin yìí ti ń kọrin fún Ọ. Ojú tí wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ Rẹ ni O jẹ́ kó ṣú. N ò rí i pé ó tọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò ní sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, èmi ni mo fi Àmín mú wọn wá síbí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n ríran. Mo bẹ̀ Ọ́. Ó tán."

Mo la ojú. Mọ́mì kò tíì la tiwọn.

"Lórúkọ ta ni?" ni wọ́n wá bi mí.

"Lórúkọ Jésù, mà."

"Àmín." Wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. "Ó pẹ́ kó o tó bá A sọ̀rọ̀."

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n, wọ́n wọlé lọ.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì rẹ̀, Mọ́mì wo ọkọ mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "O ti sanra." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo rò pé omijé ni yóò tẹ̀ lé e. N kò tíì mọ Mọ́mì tó.

Lẹ́yìn tí dókítà gbà kí wọ́n máa kàwé, agogo dún láàárọ̀. Mọ́mì na ọwọ́, mo gbé Bíbélì fún wọn. Wọ́n fo gbogbo Sáàmù kọjá. Ibi tí orúkọ baba àti ọmọ pọ̀ sí jù ni wọ́n ṣí, ẹni yìí bí ẹni yìí, ẹni yẹn bí ẹni yẹn, orúkọ tó le bí egungun, wọ́n sì kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láìsáré. Ọkọ mi fẹ́ sùn. Èmi ń fi ìka tẹ̀ lé e nínú tèmi. Wọn kò ṣi ẹyọ kan.

Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní kí a di ojú.

"Olúwa, mo dúpẹ́ fún oorun. Mo dúpẹ́ fún jíjí. Mo dúpẹ́ fún ojú, Olúwa, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ rẹ̀ tó. Olúwa, mo wọ kíṣíìnì láàárọ̀ yìí, mo rí ìkòkò ọbẹ̀. Mo rí ọmọrí rẹ̀. Ó wà lórí rẹ̀. Dárí ji ẹni tó fẹjọ́ sun ọmọ tí kò ṣẹ̀."

Mo ti la ẹnu kí n ṣe Àmín tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

"Ṣùgbọ́n Olúwa," ni Mọ́mì wí, ohùn wọn sì gòkè dé ọgbà Alhaja, "Ìwọ náà rí i. Òróró tó dì sí etí ọmọrí yẹn ti pẹ́ níbẹ̀. Fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ní ọwọ́ tó le."

Mo rò ó. Mo ti rí òróró náà lọ́jọ́ tó kọjá.

"Àmín," ni mo wí.